Ẹnu Kòtò Ogun Tí Kò Ní Pèrègún Mọ́

Ìyá Dúpẹ́ pè mí lórí fóònù láti abúlé, kò sì jẹ́ kí a kí ara wa tán. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ní Lọ́kọ́jà kí wọ́n má gba ọ̀nà òkè yẹn o. Wọ́n ti hú pèrègún ẹnu kòtò. Ewúrẹ́ mi jìn sí ọ̀kan lánàá. A ń gbọ́ igbe rẹ̀, a kò mọ ibi tí igbe náà ti ń wá. Nígbà tí ó yá, a kò gbọ́ ọ mọ́."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni Ìyá Dúpẹ́. Ó jù mí lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wa ni, ìdí nìyẹn tí ó fi ń pè mí ní ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdébìnrin. Aláwàdà ni. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí àwàdà kankan lẹ́nu rẹ̀.

Ọkàn mi dàrú, nítorí pé nínú "àwọn ọmọ yín" tí ó wí, ọmọ tèmi ni olórí wọn. Fúnmi ni orúkọ rẹ̀, àbíkẹ́yìn mi. Iṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣe ní Lọ́kọ́jà níbí, a sì jọ ń gbé ní Natako, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ àti èmi. Òun ni alága ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ abúlé wa tí wọ́n ṣètò ìrìn ìrántí Sátidé tí ó ń bọ̀ yìí. Wọn yóò péjọ sí ìsàlẹ̀ òkè, wọn yóò gba ọ̀nà àtijọ́ níbi tí àwọn baba ńlá wa ti pàdé àwọn ọmọ ogun òyìnbó. Àwọn ọmọ iléèwé yóò wà níwájú pẹ̀lú àsíá. Àwọn ọmọ Fúnmi wà lára wọn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dàgbà sí Lọ́kọ́jà ni mo ń kọ èyí sí, ẹ̀yin tí ó jẹ́ pé ìsìnkú tàbí Kérésì nìkan ní í gbé yín dé abúlé. N ó gbìyànjú láti kọ ọ́ bí ó ṣe rí gan-an. Ibi tí mi ò bá mọ̀, n ó sọ pé mi ò mọ̀. Irú ibẹ̀ yóò pọ̀, ẹ má bínú.

Orí òkè ni abúlé wa wà, ní apá Agbájà, níbi tí ilẹ̀ àti òkúta ti pupa bí ìgbà tí wọ́n da osùn sí wọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni a ń gbà gòkè láàrin àwọn òkúta. Bí ẹ bá dé ìdajì rẹ̀ tí ẹ wẹ̀yìn, ẹ ó rí odò Ọya nísàlẹ̀, tí ó tẹ́ lọ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ìró odó ni a fi ń mọ̀ pé a ti súnmọ́ ilé. Ẹni tí ẹrù ọrùn rẹ̀ wúwo, bí ó bá ti gbọ́ ìró odó, á ní, "Ó kù díẹ̀." Lónìí, ọ̀kadà ń gba ẹ̀yìn òkè gòkè pẹ̀lú eruku, ìró jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ó sì kọ́kọ́ gbọ́. Iyán oníyẹ̀fun ni Fúnmi ń rò fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mi ò bá a jà. Èmi náà ń jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà lọ́dún tí odó kì í dún rárá ní abúlé wa. Ọjọ́ tí àwọn obìnrin ń lọ tún ẹnu kòtò ṣe ni. Ó máa ń bọ́ sí ìgbà tí koríko bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, kí àwọn ọdẹ tó dáná sun ìgbẹ́. Láti àárọ̀ títí àwọn obìnrin yóò fi padà sílé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún nǹkan kan. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, sọ pé ní ìgbà ogun, àwọn ará abúlé kò gún iyán kí ọ̀tá má baà gbọ́ ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí, pé ìyẹn ni a ń rántí. Àǹtí bàbá mi ní irọ́ ni, pé àwọn tí ó ń gún iyán ni wọ́n ti lọ sí òkè, ta ni kí ó wá gún un? Mi ò mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Kòtò ogun pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà náà. Ẹnu wọn kò fẹ̀, ṣùgbọ́n inú wọn jìn, wọ́n sì fẹ̀ nísàlẹ̀ bí ìkòkò. Ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ tí ó ń tọ́jú. Pèrègún ni wọ́n gbìn yí ẹnu wọn ká, nítorí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, iná ìgbẹ́ lè jó o lónìí kí ó tún rú lọ́la, orí rẹ̀ sì máa ń yọ lókè koríko. Ibi tí o bá ti rí pèrègún tí ó ṣe òbìrí lórí òkè yẹn, má dé ibẹ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ èyí. Ìyàwó tuntun kò gbọdọ̀ lọ ṣẹ́ igi ìdáná fúnra rẹ̀ àfi bí wọ́n bá ti mú un yí gbogbo kòtò ká.

Bí a bá dé ẹnu kòtò, a ó gé koríko rẹ̀, a ó gbin pèrègún tuntun sí ibi tí ti àtijọ́ ti kú. Ẹnìkan yóò ju òkúta sínú rẹ̀ kí a lè gbọ́ bí ó ṣe jìn tó. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò kí sínú kòtò pé, "Òkun o!" bí a ṣe ń kí ara wa lójú ọ̀nà. Gbogbo wa yóò dákẹ́. Àfi ìgbà tí ó bá nàró ni a tó lè sọ̀rọ̀, kí a tó kọjá sí òmíràn.

Ọdún tí wọ́n gbé Ìyá Dúpẹ́ wọlé, òun ni Ìyá àgbà ní kí ó kí ti ilé wa, nítorí pé ìyàwó tuntun ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Òkun o!" Kò tíì pa ẹnu dé tí àparò kan fi fò jáde nínú koríko ẹnu kòtò náà, fùrùfùrù, ní iwájú rẹ̀ gan-an. Ìyàwó pariwo, ó ju àdá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré. Inú kòtò ni àdá náà bọ́ sí. A gbọ́ bí ó ṣe ń lu òkúta lọ sísàlẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i kí àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín lórí òkè yẹn. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ bí i nínú, mo kàn máa ń bi í pé, "Ìyá Dúpẹ́, àdá ńkọ́?" Á ní, "Ó wà lọ́dọ̀ àwọn ọkọ yín nísàlẹ̀."

Bí a bá ti wọ abúlé padà, ẹni tí ó ṣíwájú yóò ké, gbogbo odó yóò sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣu ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ti di ọmọ odó mú, wọ́n ń retí igbe yẹn. Ilẹ̀ á máa mì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dáwọ́ àṣà náà dúró; mi ò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti dàgbà.

Ogun náà gan-an ni ẹ fẹ́ gbọ́. Fúnmi náà ló ń bi mí nígbà tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ kà lọ́jọ́ ìrìn. N ó sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jagun. Ti àkọ́kọ́, etí odò ni, ní ìhà ibi tí wọ́n fi ṣe èbúté ọkọ̀ ojú omi báyìí. Àwọn ọkùnrin wa sọ̀ kalẹ̀ láti lọ sọ fún òyìnbó pé àwọn kò ní í sìn ín, ìbọn ńlá orí ọkọ̀ ni ó dá wọn lóhùn. Bàbá mi, tí ó jẹ́ ọmọ rẹ̀, ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ará wa ni wọ́n kọ́kọ́ dáná sun ilé ìkẹ́rùsí òyìnbó. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n jiyàn lórí rẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Ṣé ìwọ ni o bí mi ni?" Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ti ọ̀nà òkè. Kòtò ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, nítorí àwọn ẹlẹ́ṣin tí ó máa ń wá kó ènìyàn lẹ́rú ni wọ́n ṣe gbẹ́ wọn. Wọ́n fi ẹ̀ka igi àti koríko bo ẹnu wọn. Àwọn géńdé mélòó kan fara hàn lójú ọ̀nà, wọ́n sá wọ igbó. Àwọn ọmọ ogun lé wọn kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń jìn sí kòtò. Àwọn tí ó kù padà sísàlẹ̀. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn jù.

Ẹ̀ẹ̀kẹta kò ní ìbọn nínú. Àwọn ọmọ ogun padà wá, wọ́n jókòó ti ìsun omi tí ó wà nísàlẹ̀, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Òùngbẹ ni ó bá àwọn ará wa jà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú akèrègbè òfìfo lọ́wọ́, wọ́n sì gbà láti máa san owó orí. Ta ló wá ṣẹ́gun? Mi ò mọ̀. Fúnmi kò fi ìyẹn sínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Nígbà tí òmìnira dé, mo kéré, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Wọ́n fún wa ní ife àti àsíá kékeré. Tíṣà wa ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a gba òmìnira láìjagun. Mo sáré délé, mo sọ ọ́ fún Ìyá àgbà bí tíṣà ṣe sọ ọ́. Ẹ̀gúsí ni ó ń bó. Ó wò mí, ó ní, "Láìjagun? Ta ló wá wà nínú kòtò?"

Bí mo ṣe gbọ́ ti ọkùnrin inú kòtò nìyẹn.

Ìyá àgbà ní nígbà tí àwọn ọmọ ogun sá lọ, ìyá tirẹ̀ àti àwọn obìnrin mìíràn lọ wo àwọn kòtò. Wọ́n rò pé òyìnbó ni wọn yóò bá. Òyìnbó kankan kò sí. Dúdú ni gbogbo wọn, bí àwa. Nínú kòtò tí ó jẹ́ ti ilé wa, ẹnìkan ṣì ń mí. Nígbà tí ó rí ojú àwọn obìnrin lókè, ó kí wọn. "Òkun o," ni ó wí.

Kì í ṣe Haúsá ni ó sọ, kì í ṣe Nupé. Ìkíni wa ni. Wọ́n dúró lẹ́nu kòtò, wọ́n ń wo ara wọn. Ṣé ọmọ tiwa kan tí àwọn ẹlẹ́ṣin kó lọ nígbà kan ni, tí ó bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó, tí wọ́n fún ní ìbọn? Ṣé ará abúlé kejì ni? Ṣé ó kàn kọ́ ìkíni yẹn lójú ọ̀nà ni? Ẹnìkan ní kí wọ́n lọ mú okùn wá. Ẹlòmíràn ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ṣé kí ó lè tún yìnbọn ni?

Ibi tí ó ti rú mi lójú nìyí o. Lọ́jọ́ tí Ìyá àgbà sọ ọ́ fún mi, ó ní wọ́n fà á jáde, ó sì fẹ́ ìyàwó ní abúlé wa. Mo bi í pé ilé wo ni ọmọ rẹ̀ wà, ó ní kí n lọ gbé igbá wá. Ní ọdún mìíràn, tí a ń ti òkè bọ̀, ó ní okùn kò tètè dé. Ìyẹn nìkan ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ìgbà méjèèjì ni ó sọ pé àwọn obìnrin yẹn ni wọ́n lọ gbin pèrègún, pé wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jìn síbẹ̀ mọ́, ọmọ ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó jẹ́.

Nígbà tí Fúnmi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ tí Ìyá Dúpẹ́ pè mí, mi ò jẹ́ kí ó bọ́ bàtà.

"Níbo ni ẹ ti rí pèrègún tí ẹ gbìn sójú ọ̀nà?"

"Orí òkè níbẹ̀ náà ni, Màmá. Ó kàn wà káàkiri nínú igbó, kò tò. A wá tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ ò rí fọ́tò tí mo fi hàn yín ni? Gbogbo ayé ló ń yìn wá."

"Ta ló sọ fún un yín pé kò tò?"

Ó wò mí bí ìgbà tí ara mi kò yá.

"Fúnmi, níbo gan-an ni ẹ ti hú u?"

"Màmá, àwọn ọmọkùnrin ló hú u. Ibi tí wọ́n bá ti rí i ni."

Mo sọ fún un. Mo sọ ti pèrègún ẹnu kòtò, mo sọ ti ewúrẹ́, mo sọ ti ọkùnrin yẹn. Ó jókòó sórí àga pẹ̀lú báàgì rẹ̀ léjìká. Ó ní, "Mo ti kọ ọ́ pé àwọn jagunjagun wa pa ọ̀tá nínú kòtò. Èwo ni kí n wá kọ báyìí? Ọ̀tá ni àbí ọmọ wa?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin náà, Màmá! Ẹ kì í sọ nǹkan fún ènìyàn!"

"Èyí, mi ò mọ̀ ọ́n. Bóo bá fẹ́, kọ pé màmá rẹ kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ kò ní í gba ibẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, a sì lọ. Ìyá Dúpẹ́ ń dúró dè wá lókè pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ti sanra o. Òkè yìí á mọ̀ pé ẹ dé." Mo ní àdá ńkọ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo ti rò pé bí mo bá ti débẹ̀, ẹsẹ̀ mi yóò mọ ọ̀nà. Kò mọ̀ ọ́n. Ìrókò tí a fi ń ṣe àmì, wọ́n ti gé e. Àwọn tí ó wá yẹ òkúta irin wò nígbà kan gbẹ́ ihò tiwọn, igbó ti bo ìyẹn náà. Mo ní kí a ya sí ọ̀tún, Ìyá Dúpẹ́ ní òsì ni.

"Ẹ̀gbẹ́ òkúta tí ó dà bí àgbò ni kòtò ilé wa wà," ni ó wí.

"Òkúta wo? Gbogbo wọn ló dà bí àgbò."

"Ojú yín ló ti bàjẹ́ ní Lọ́kọ́jà."

Ní gbogbo ìgbà yẹn, pèrègún dúró lójú ọ̀nà ní ìlà méjì, ó tutù, ó dára, ó ti ń rú ewé. Ó ń pe ènìyàn. Inú igbó ní ẹ̀yìn rẹ̀, koríko nìkan ni, ó tẹ́ lọ, ibi kan kò yàtọ̀ sí ibì kan. Ẹ sì mọ àwọn ọmọ. Bí a bá ní kí wọ́n máa rìn ní ìlà, wọ́n á yà láti lọ já èso, wọ́n á yà láti lọ tọ̀.

Fúnmi gé ọparun, ó ń fi gún ilẹ̀ níwájú wa bí a ṣe ń rìn. Ó ń gún un, ó ń dún lórí òkúta. Lójijì, kò dún mọ́. Ọparun náà wọlé ṣùúù, ọwọ́ Fúnmi tẹ̀ lé e, èjìká rẹ̀ tẹ̀ lé e. Mi ò mọ ìgbà tí mo di aṣọ rẹ̀ mú. A ṣubú sẹ́yìn, èmi àti òun, sórí ara wa. Ìyá Dúpẹ́ jókòó sílẹ̀, ó di orí mú.

Nígbà tí a dìde, a fara balẹ̀ gé koríko náà. Ẹnu kòtò kan ni. Fúnmi tan iná fóònù rẹ̀ síbẹ̀. Ewúrẹ́ kò sí níbẹ̀. Nǹkan kan wà nísàlẹ̀ tí ó pupa, tí ó gùn. Ìyá Dúpẹ́ búra pé àdá òun ni, pé kòtò ilé wa nìyí. Lójú tèmi, òkúta ni. A kò lè mọ̀.

Mo ń wá ibi tí n ó jókòó sí nígbà tí mo rí Fúnmi tí ó kúnlẹ̀. Mi ò ní kí ó ṣe é. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí kòtò mú, ó ní, "Òkun o." A dúró. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ koríko. Ó pẹ́ kí ó tó nàró.

A fa pèrègún tu nínú ìlà tí àwọn ọ̀dọ́ tò, a gbìn ín yí ibẹ̀ ká. A wá títí ọwọ́ wa fi bó. A rí ti ilé wa, bí ó bá jẹ́ pé òun ni. A rí ti ilé alágbẹ̀dẹ. Àwọn tí ó kù, a kò rí wọn. Èyí tí ewúrẹ́ jìn sí, tí ó jẹ́ pé wọ́n gbọ́ igbe láti inú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, a kò rí òun náà.

Fúnmi ti bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà. Ọ̀nà ọkọ̀ ẹ̀yìn òkè ni ìrìn náà yóò gbà. Ṣùgbọ́n ìwé ìpè ti lọ lórí fóònù fún gbogbo ènìyàn, láti Kàbbà dé Àbújá, a kò sì lè pè é padà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé, "Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹ tẹ̀ lé pèrègún."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀ lé e. Ní Sátidé, ọ̀nà ọkọ̀ ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì di ọwọ́ àwọn ọmọ mú. Bí ìyá àgbàlagbà kan bá wà nílé yín tí wọ́n mú gòkè yẹn rí nígbà tí ó wà lọ́mọbìnrin tàbí níyàwó, ẹ bá wa bi í léèrè ibi tí kòtò ilé rẹ̀ wà. Bí ó bá rántí díẹ̀, bí kò tilẹ̀ dá a lójú, ẹ gbé e wá. Èmi àti Ìyá Dúpẹ́ yóò dúró dè yín lókè, a ó sì ti gé pèrègún sílẹ̀.